Kí wọ́n tó da kọnkéré gọ́tà wa

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe da kọnkéré gọ́tà kí ẹnì kan nínú wa tó wọn kòtò. Ibẹ̀ lowó máa ń sọnù sí: tí ìsàlẹ̀ bá ti bò, ta ló fẹ́ hú u? Ẹ mú téépù àti rọ́bà omi tí bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ̀lì dání. Nínú mítà 20, kí ìsàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ sí ibi tí omi ń lọ. Tó bá tẹ́jú, omi á dúró, ẹ̀fọn á kóra jọ.

Bí wọ́n ṣe máa po kọnkéré náà nìyí: àpò sìmẹ́ǹtì kan, páànù yanrìn 4, páànù òkúta 8 (páànù tí òṣìṣẹ́ fi ń rù ú lórí). Ẹ ka àpò sìmẹ́ǹtì tó ṣófo nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ iye tí wọ́n lò. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn omi púpọ̀ torí ó ń rọrùn láti dà, àmọ́ òun ló ń mú kí ògiri sán.

Iye mítà tí a wọ̀n ni ká san, kì í ṣe iye ọjọ́. Ká dá náírà 5 dúró nínú 100 fún oṣù 6, kí òjò kọ́kọ́ dán an wò. Inú ìwé àdéhùn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ẹnu lásán.