Àpò Búráùn Lórí Igi Ìrà: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Kòkòrò Sányán

Ẹni tó bá ń ṣán igbó lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, níbi tí igi ìrà pọ̀ sí, lè gbójú sókè kó rí àpò búráùn kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. “Ilé agbọ́n!” lẹnì kan yóò ké, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kẹrosíìnì. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn. Ilé agbọ́n kì í dákẹ́: wọn á máa wọlé, wọn á máa jáde. Àpò tí à ń wí yìí dákẹ́ rọ́rọ́, ara rẹ̀ sì gbẹ gan-an. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ igi náà, ìgbẹ́ dúdú wínníwínní á ti kún ibẹ̀, ewé òkè á sì ti ku egungun lásán. Ilé kòkòrò sányán nìyẹn, sányán kan náà tí bàbá ìyàwó ń wọ̀ tó ń yan.

Ọ̀pọ̀ ló tún rò pé kòkòrò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Rárá o. Ìyá wọn, àfòpiná funfun tó ní ìlà búráùn lápá, ló kó ẹyin rẹpẹtẹ jọ sára ewé, tó sì fi irun ìdí ara rẹ̀ bò wọ́n. Bí wọ́n bá pa tán, wọn kì í túká. Wọn á jọ máa jẹ ewé, bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí, ọ̀kan á tẹ̀ lé ọ̀kan gbọọrọ lára igi. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà, gbogbo wọn á para pọ̀ ta okùn, wọn á fi kọ́ ilé kan: ìta rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀, kálukú sì ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. (Agbo ilé gan-an ni, àfi pé wọn kì í jà sí ogún.) Inú yàrá yìí ni wọ́n ti ń para dà di àfòpiná, tó ń fò lóru, tó gùn, tó yé ẹyin, tó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó nílò okùn tó sì já ilé náà lulẹ̀ kí wọ́n tó jáde, ó ti pa tọdún tó ń bọ̀ run. Ẹ dúró kí ihò hàn lára rẹ̀. Ilé tó ṣófo ṣì ní okùn: omi eérú la fi ń sè é, ká fọ̀ ọ́, ká wá ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú.

Ẹ má fi ọwọ́ lásán fà á ya o. Irun ara kòkòrò yìí ń yúnni burúkú, ó sì máa ń há sínú ilé náà, kódà bó ti ṣófo tipẹ́. Bó bá kàn yín, ẹ má họ ọ́, ẹ má fi àdí ra á. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀ kí ẹ fà á kúrò, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn. Bó bá wọ ojú, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Jíjẹ ńkọ́? Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ẹran ọbẹ̀ ojoojúmọ́. Ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ ewé arère ni àwọn dókítà tọ́ka sí ní 1993 pé ó wà nídìí àìsàn kan tó ń yọjú nígbà òjò lọ́dọ̀ tiwa: èébì, òòyì, ara gbígbọ̀n, ẹsẹ̀ tí kò lè dúró. Èròjà kan wà lára rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀bà ṣáá ló fi ń yó ló máa ń mú jù. Yíyan wéréwéré kò pa èròjà náà. Àfi kó jinná dáadáa. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ẹ má wulẹ̀ ní wọ́n sà sí i. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sọ ohun tó jẹ, torí fítámì B1 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó kù ò tó nǹkan. Bí kòkòrò bá jẹ sányán yín nínú àpótí, kì í ṣe àfòpiná tó ń yí iná ká ló jẹ ẹ́. Ọmọ àfòpiná kékeré mìíràn, tó fẹ́ràn òkùnkùn, ni. Ẹ máa sá aṣọ náà sóòrùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ “sányán” tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, òwú lásán ni, wọ́n kàn pa á láró ni.