Màlúù Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bí: Ìtọ́jú Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀rùn àti Nígbà Òjò l'Ábẹ́òkúta

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ló léwu jù fún màlúù oníwàrà. Ohun tó ń tọ ọmú rẹ̀ jáde máa ń ju ohun tí ẹnu ń kó wọlé lọ, ni ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tirẹ̀. Ìgbà tó bá bí sí ló máa ń sọ ibi tí wàhálà á gbà yọ.

Èyí tó bí ní oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ti fi gbogbo òjò jẹ koríko, ó lè ti sanra jù. Ẹ fọwọ́ pa ìhà rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú ìbí. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ tó ba egungun, ẹ má fi oúnjẹ kún un mọ́. Ẹ má sì fi ebi pa á o! Ebi ló ń rọ́ ọ̀rá lọ sínú ẹ̀dọ̀.

Ní oṣù Kejì sí Ìkẹta, ooru ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wo ìhà rẹ̀, kí ẹ ka èémí rẹ̀: tó bá ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ooru ti mú un. Òrùlé koríko tutù ju páànù lọ. Ẹ jẹ́ kó jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, kí omi tó mọ́ má sì wọ́n níwájú rẹ̀. 80 lítà lójúmọ́ kì í pọ̀ jù. Èèpo ẹ̀gẹ́ ò wọ́n nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Ẹ sá a títí yóò fi gbẹ kanran, kí ẹ sì fi PKC (èérún èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀) àti ewé àgúnmániyè tì í, torí èèpo nìkan kò ní èròjà tí ń mú wàrà wá.

Koríko àkọ́rọ̀ òjò ló ń tan olùsìn jẹ. Ó tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, èròjà magnesium inú rẹ̀ kò sì tó. Inú màlúù á kún, agbára ò ní sí, ìgbẹ́ á máa ṣàn. Ẹ gé e láàárọ̀, kó rọ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ po koríko gbígbẹ mọ́ ọn.

Ohun méjì ni kí ẹ máa ṣọ́ nígbàkígbà. Èkíní ni milk fever, tó sábà máa ń mú àgbà màlúù láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó bí. Orúkọ náà ń tan ni, torí kì í ṣe ibà: etí rẹ̀ tutù, kò lè dìde, ó sì ká ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Calcium, èròjà tó ń mú egungun le, ló tán lẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e jókòó lórí àyà, ẹ fi àpò koríko há a. Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, afẹ́fẹ́ inú á wú u pa. Ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kó má bàa gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Dókítà ẹran ni kó fa calcium sí iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí bó bá yára jù, ọkàn lè dá dúró.

Èkejì ni ketosis, àìsàn tó ń wá nígbà tí ara bá yọ́ ọ̀rá rẹ̀ jù, láti bí ọ̀sẹ̀ kejì lọ. Á kọ oúnjẹ oníhóró, síbẹ̀ á ṣì máa jẹ koríko. Wàrà á dínkù, ẹnu rẹ̀ á máa rùn bí ásítónì tí wọ́n fi ń nu èékánná. Imú ẹlòmíràn kì í gbọ́ òórùn náà, nítorí náà ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: BHB (èròjà tí ọ̀rá tó yọ́ ń dà sínú ẹ̀jẹ̀) tó bá tó 1.2 mmol/L ti tó nǹkan. Ẹ fún un ní propylene glycol (oògùn olómi tó ń fún ara lágbára) 300 ml, lẹ́nu, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí kò bá padà jẹun, ẹ pe dókítà ẹran.