Corolla tó ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láàárọ̀: ẹ má tíì ra ṣéènì

Corolla 2005 ni, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, irú èyí tó kún ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde. Táímìn ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì: òun ló so kíráǹkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, mọ́ kámù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí awakọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ní Ṣàgámù, ṣéènì tuntun ti wà nínú búùtù, torí wọ́n ti sọ fún un níbòmíràn pé ti inú ọkọ̀ ti fà gùn. Mo ní kó jẹ́ kí ọkọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ariwo ṣéènì kì í sábà jẹ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Àárọ̀ kùtùkùtù, tí ọ́ìlì ti ṣàn padà sísàlẹ̀, la máa ń gbọ́ ọ dáadáa.

Kí n tó yí kọ́kọ́rọ́, mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì kàn.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?"

"Ọ̀gá, mo kàn máa ń bu kún un ni."

Tensioner ló ń jẹ́ kí ṣéènì le, agbára ọ́ìlì ló sì ń ti ọ̀pá rẹ̀ jáde. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ jù, póǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, tensioner á dẹ̀, ṣéènì á wá máa na ike tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Mo bu ọ́ìlì dé àmì òkè kí n tó sítáàtì ọkọ̀, kí n má baà dá ṣéènì lẹ́bi ohun tí àìtó ọ́ìlì fà. Ó ṣì ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, níwájú, lápá ọ̀dọ̀ èrò. Ibẹ̀ ni ṣéènì wà lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni alternator tó ń ṣe iná fún bátìrì wà.

Nítorí náà mo fi sípánà 19 dẹ fáànù bẹ́líìtì, mo yọ ọ́, mo tún sítáàtì. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ààbọ̀ ìṣẹ́jú, torí bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí póǹpù omi. Bí ariwo bá lọ, a jẹ́ pé alternator tàbí ọ̀kan nínú àwọn pọ́lì tí bẹ́líìtì ń gbà lórí ló ń pariwo. Tiwa kò lọ. Mo fi orí sukurudíráfà gígùn kan ìdérí ṣéènì, mo gbé etí lé ìdí rẹ̀: inú ló ti ń wá.

Sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mú P0011 wá, kò mú P0016. Ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì gan-an. P0016 ń sọ pé kíráǹkì àti kámù kò bá ara wọn mu mọ́. Ìgbà yẹn ló yẹ ká fura sí ṣéènì tó gùn tàbí tó fo eyín. P0011 ń sọ pé kámù ṣíwájú ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì ìdọ̀tí àti fáàfù VVT (èyí tó ń fi ọ́ìlì yí àsìkò kámù padà) ló sì sábà máa ń fà á. Mo tú fáàfù náà, bóòtù 10 kan ṣoṣo ni. Mítà ka 7.3 ohm, ó dára, torí àárín 6.9 sí 7.9 ló yẹ kó wà. Asẹ́ kékeré rẹ̀ ni wàhálà wà: ìdọ̀tí dúdú ti dì mọ́ ọn bí ọ̀dà títì. Mo fọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìdérí òkè. Mo fi 19 yí bóòtù pọ́lì kíráǹkì bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, títí ìlà ara pọ́lì fi bá àmì 0 ara ìdérí ṣéènì mu. Àmì tótó orí eyín kámù méjèèjì kọjú síra wọn lórí ìlà kan. Bí wọn kò bá kọjúra, ẹ yí kíráǹkì ní odindi ìyípo kan sí i, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yí kí kámù tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má wo ojú ṣéènì aláwọ̀ yẹ́lò rárá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti yí, wọn kì í sí níbi àmì mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tú ẹ́ńjìnnì tí táímìn rẹ̀ pé pérépéré nítorí wọn.

Ó wá ku tensioner, nọ́ọ̀tì 10 méjì. Ẹ má yí kíráǹkì nígbà tó bá wà níta. Mo fi àtàǹpàkò ti ọ̀pá rẹ̀ láìfọwọ́ kan ahọ́n kékeré tó ń há eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Kò yẹ kó wọlé. Eyín rẹ̀ ló yẹ kó dá a dúró. Òun ló ń jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀ lóru. Ṣéènì gan-an kò ṣe nǹkan kan. Ká ní àmì kò bára mu ni, ǹ bá tú u, kí n fà á le, kí n wọn ojú 16 níbi mẹ́ta. Tó bá ti ju mílímítà 122.7 lọ, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ti ọ̀pá tensioner tuntun wọlé, mo fi ìkọ́ rẹ̀ há a, mo dè é pẹ̀lú rọ́bà òrùka tuntun. Mo yí kíráǹkì padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ náà lè tú, mo wá yí i síwájú, mo sì rí i tó ti ike mọ́ ṣéènì. Ẹni tó bá fo èyí, tó sítáàtì ọkọ̀ pẹ̀lú ìkọ́ níbẹ̀, ṣéènì lè fo eyín lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi sílíkóònù díẹ̀ síbi méjì tí ìdérí ṣéènì ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì, mo dé òkè, mo da gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ nù, mo fi fílítà tuntun àti 5W-30 sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sítáàtì láìró. P0011 kò padà wá, bàbá sì dá ṣéènì padà fún ẹni tó tà á fún un.