Ìkànnì Òwò Mi Wà, Oníbàárà Kò Wọlé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Ìkòròdú

Iṣẹ́ ìkànnì kíkọ́ fún àwọn oníṣòwò ni mò ń ṣe níbí, ní ìtòsí Sábó. Ìkànnì tí ẹ fi owó yín ra orúkọ fún, tí ẹ sì ń san owó họ́sítì rẹ̀ (ilé tí àwọn fáìlì rẹ̀ ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ni mò ń sọ, kì í ṣe ojúewé Facebook. Àárọ̀ kùtù ni ìpè máa ń wọlé: “Ẹ̀gbọ́n, ìkànnì mi ti bàjẹ́.” Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí títí ó fi sú mi, mo sì rí i pé àwọn èèyàn ṣì ń sanwó fún ohun tí wọ́n lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹ̀ wò fúnra wọn. WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ni ọ̀pọ̀ yín ń lò, òun ni mo fi ṣàlàyé.

Ìkànnì mi kò ṣí rárá.

Ṣé dátà wà lórí fóònù yín? Ṣé ó ṣí lórí fóònù ẹlòmíràn? Ṣé ẹ ti san owó orúkọ àti owó họ́sítì ti ọdún yìí? Ẹ yẹ ímeèlì yín wò, ìkìlọ̀ wọn máa ń wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Orúkọ tí ẹ kò bá sanwó rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra orúkọ, wọ́n ní àwọn kò rí i.

Ẹ lọ wo nameserver níbi tí ẹ ti ra orúkọ, òun ló ń darí orúkọ yín sí họ́sítì. Bí lẹ́tà kan bá ti ṣì níbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Bí ó bá pé, ẹ dúró. Ó lè gba wákàtí 48 kó tó tàn ká. Ẹ má ṣe máa yí i padà ní wákàtí wákàtí, ńṣe ni ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ìdúró náà lákọ̀tun.

Wọ́n kọ “Not secure” sí iwájú orúkọ mi.

Ìwé ẹ̀rí SSL, èyí tó ń dáàbò bo ohun tó ń lọ láàárín fóònù oníbàárà àti ìkànnì yín, ni kò sí, tàbí tó ti kú. Láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ti Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà. Kì í pẹ́ kó tó kú, àmọ́ họ́sítì tó dáa á máa sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sí i, ẹ wọ Settings nínú WordPress, ẹ wọ General, kí ẹ sọ àdírẹ́sì méjèèjì tó wà níbẹ̀ di https.

Mo wá a lórí Google, n kò rí i.

Ẹ tẹ site: sínú Google, kí ẹ kọ orúkọ ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àlàfo sí i. Bí ojúewé yín bá jáde, Google mọ̀ yín. Ẹ lọ ka ìdáhùn tó tẹ̀lé èyí. Bí ohunkóhun kò bá jáde, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Reading, ẹ wo àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀, èyí tó ń sọ fún Google pé kó má gba ìkànnì yìí sílé. Ẹni tó kọ́ ọ fún yín ló máa ń fi àmì sí i nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, tí á sì gbàgbé. Mo bá àmì yẹn lórí ìkànnì ẹnìkan tó ń ta bàtà ní Ìgbógbò. Ó ti lé lọ́dún kan tí àmì náà ti wà níbẹ̀, tí ọkùnrin náà sì ń sanwó ìpolówó lóṣooṣù.

Ẹ yọ àmì náà. Láti orí WordPress 5.5, lọ́dún 2020, ni ó ti ń ṣe àtòjọ ojúewé yín fúnra rẹ̀: ẹ fi /wp-sitemap.xml sí ìdí àdírẹ́sì yín, kí ẹ fún Google nínú Search Console, ibi tí Google ti ń jẹ́ kí olóhun wo bí ìkànnì rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ẹ ní sùúrù, ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó wà lórí Google, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò wọlé.

Ẹ ka ojúewé àkọ́kọ́ yín sókè. “Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ wa, iṣẹ́ wa dára púpọ̀.” Ta ni ń wá ìyẹn? Obìnrin tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ ní Èbúté ń wá àga àti kánópì tí òun máa yá, “canopy and chairs Ikorodu” ni ó sì máa tẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ kọ ojúewé kan tó dá a lóhùn: iye àga kan, iye kánópì kan, ibi tí ẹ ń gbé e dé, ọjọ́ mélòó ni kó ti sọ fún yín ṣáájú. Ẹ kọ iye owó! Mo mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀rù pé àwọn tí ẹ jọ ń ṣòwò á rí i. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Oníbàárà ni kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ló máa pè.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù yín sórí máàpù pẹ̀lú Google Business Profile, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Ó ń falẹ̀ kó tó ṣí.

Àwòrán ni. Èyí tí ẹ yà lórí fóònù tí ẹ gbé síbẹ̀ bó ṣe rí lè tó 4 MB tàbí 5 MB. Bí ogún irú rẹ̀ bá wà lójúewé kan, dátà oníbàárà ni ẹ ń jẹ, á sì sá. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1200, kí ìkọ̀ọ̀kan má ju 200 KB lọ.

Mo ṣe update, wọ́n ní “critical error”.

WordPress máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ìkànnì. Orúkọ plugin (àfikún tí ẹ fi sí WordPress) tó fà á sábà máa ń wà níbẹ̀, àti lìǹkì tí ẹ máa gbà wọlé. Ẹ pa plugin yẹn. Bí ímeèlì náà kò bá wá, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò tó “mọ kọ̀ǹpútà” wọ inú họ́sítì yín. Mo ti bá ìkànnì tí irú wọn ti pa wp-config rẹ̀ rẹ́, fáìlì tí ìkànnì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, tí kò sí ẹ̀dà kankan níbì kan.

Oníbàárà ní tẹ́tẹ́ ni ìkànnì mi ń ṣí, ṣùgbọ́n lórí fóònù tèmi kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ẹ gba oníbàárà gbọ́. Èmi kò gbà á gbọ́ nígbà kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ná wa.

Màmá kan ní Ẹ̀pẹ́ ń ta ẹja yíyan, àrọ̀ àti òbòkún. Ẹlòmíràn ló kọ́ ìkànnì wọn, èmi wá ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan: “Ọmọ mi, oníbàárà kan ní Ìbàdàn ní òun rí wa lórí Google, òun tẹ̀ ẹ́, ìdí tẹ́tẹ́ ló gbé òun lọ.” Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi, ẹja ni mo rí. Mo ṣí i lórí fóònù, ẹja náà ni. Mo ní, “Ẹ má dààmú mà, fóònù oníbàárà yẹn ló ní àrùn.” Lọ́jọ́ kẹta, ẹnìkan pè wọ́n láti Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo yí páásíwọ́ọ̀dù padà, mo pa plugin méjì tí n kò mọ̀, mo tún WordPress gbé kalẹ̀. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màmá kò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n kàn ní, “Ọmọ mi, àwọn èèyàn á máa rò pé mo ti di onítẹ́tẹ́.”

Mo wọ ọkọ̀, mo gba Ìtóìkín lọ bá wọn. Ẹja ṣì wà lórí àwọ̀n nígbà tí mo dé, èéfín gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà mú fóònù tirẹ̀ wá. Kò ṣí ìkànnì náà rí. Mo ní kó wá wọn lórí Google bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìró, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù náà funfun, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tẹ́tẹ́ ni. Mo ní kó padà sẹ́yìn, kó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹja. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹja náà ni.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kóòdù kan wà nínú ìkànnì náà tó ń ṣa ẹni tó máa gbé lọ. Ṣé láti Google ni ẹni yìí ti wá? Ṣé fóònù ló ń lò? Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí? Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, á gbé e lọ sí ìdí tẹ́tẹ́, á sì fi àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní cookie sórí fóònù rẹ̀ kó má baà tún gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì, tàbí tó wọlé gẹ́gẹ́ bí olóhun, kò ní rí nǹkan kan. Ọ̀nà tí èmi àti màmá sì ń gbà wọlé lójoojúmọ́ nìyẹn.

Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń tú fáìlì. Theme (aṣọ tí ìkànnì wọ̀) tí ẹni àkọ́kọ́ fi kọ́ ọ, theme olówó ni, ṣùgbọ́n orí Telegram ni ó ti mú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀. Nínú functions.php rẹ̀, mo rí ìlà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eval àti base64_decode, àṣẹ tí wọ́n sábà máa ń fi mú kóòdù tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀ ló tẹ̀lé e. Èyí burú, àmọ́ ẹ̀ka nìyẹn. Nínú fódà uploads, níbi tó yẹ kó jẹ́ àwòrán nìkan, fáìlì kan wà tí wọ́n sọ ní orúkọ àwòrán, tó sì parí sí .php, kóòdù ni, kì í ṣe àwòrán. Ẹ̀ka ni òun náà. Inú cron, aago tó ń mú iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, ni gbòǹgbò wà, iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣètò kó máa tún kóòdù náà kọ padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìdí tó fi ń jí ní ọjọ́ kẹrin nìyẹn. Ẹnìkan tí a kò mọ̀ sì wà láàárín àwọn admin, àwọn tó ní àṣẹ lórí ìkànnì náà.

Mo yọ gbogbo wọn. Mo ra theme náà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Iye rẹ̀ kò tó owó páálí ẹja kan. Mo yí páásíwọ́ọ̀dù ìkànnì, ti họ́sítì àti ti database (àpò tí ọ̀rọ̀ inú ìkànnì wà) padà, mo sì pààrọ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú wp-config kí ẹni tó bá ṣì wà nínú ilé lè bọ́ síta. Lẹ́yìn náà mo wọ Security issues nínú Search Console, mo ní kí Google tún un yẹ̀ wò.

Ṣé mo lè fọ irú èyí fúnra mi?

Rárá. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kó di ọ̀la. Kí orúkọ ìkànnì àti họ́sítì wà lórí ímeèlì tiyín, kì í ṣe ti ẹni tí ẹ pè. Bí orúkọ yín bá parí sí .ng, NiRA, àjọ kan ní Nàìjíríà, ló ń bójú tó o. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín pé orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gba orúkọ fáìlì tó rí àti ibi tó ti rí wọn. Ẹni tó bá ní òun kàn fi plugin kan fọ̀ ọ́ kò tíì wá gbòǹgbò rẹ̀.

Kí ẹ tó fún un ní èyí tó kù nínú owó rẹ̀, ẹ yá fóònù èèyàn mẹ́ta tí kò ṣí ìkànnì yín rí. Kí wọ́n lo dátà tiwọn, kí wọ́n wá yín lórí Google, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú yín. Ẹ tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú fóònù mẹ́ta mìíràn.