Ẹ Má Fi Gap Ṣe Adelé: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Táwa Tá À Ń Lo Final Cut Pro Máa Ń Ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Final Cut Pro ẹ́díìtì fídíò, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gap àti placeholder díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé nǹkan kan náà ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá. Gap, àlàfo lásán ni, kò sí àwòrán kò sí ohùn, ó kàn wà níbẹ̀ kí àkókò lè kọjá ni. Placeholder ní tiẹ̀, adelé ni. Ọba ò tíì jẹ, ẹnì kan ń bá a ṣọ́ ààfin, ẹni tó bá sì rí adelé ti mọ̀ pé ọba ń bọ̀.

Èyí tí mo máa ń rí jù: shot kan (ìyẹn fídíò kan tí kámẹ́rà yà) ò tíì sí nílẹ̀, bóyá wọn ò tíì yà á, èèyàn á kàn tẹ Option-W, gap á wọlé, á máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ yẹn ó mọ ohun tó fẹ́ fi síbẹ̀ dáadáa o. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣí project yẹn padà, àlàfo mẹ́rin ló ń wo òun náà lójú, kò sì rántí mọ́ èwo ni close-up (àwòrán tí wọ́n yà nítòsí), èwo ni ibi tí ìyá yẹn ti ń rẹ́rìn-ín. Option-Command-W ló yẹ kó tẹ̀. Placeholder ní àwòrán tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣí inspector (ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣàtúnṣe kílíìpù tẹ́ ẹ bá yàn) ẹ lè yan bóyá long shot (èyí tí wọ́n yà láti òkèèrè) ni àbí close-up, èèyàn mélòó, ọkùnrin àbí obìnrin, inú ilé àbí ìta, ojú sánmọ̀ gan-an ẹ lè yàn án, View Notes sì tún wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Àwọn àwòrán yẹn ò rẹwà, mi ò ní purọ́, bíi kí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló yà wọ́n, àmọ́ wọ́n ń jíṣẹ́.

Sẹ́kọ́ǹdì 3 ni gap àti placeholder máa ń wọlé. Ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé shot yẹn máa tó 7, ẹ tètè fà á gùn.

Ibi tó ti ń dun èèyàn jù ni ìgbà tí shot gidi bá dé. Ẹ wọ́ ọ sórí placeholder, menu kékeré á yọ, Replace ló wà lókè, ọwọ́ á sì yá. Ẹ dúró! Replace yẹn máa gbé gbogbo gígùn shot tuntun wọlé ni. Ká ní sẹ́kọ́ǹdì 4 ni placeholder, shot tẹ́ ẹ gbé wá jẹ́ 40, gbogbo nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú pẹ̀lú sẹ́kọ́ǹdì 36, orin tẹ́ ẹ so mọ́ kílíìpù àkọ́kọ́ ò sì ní bá wọn lọ, ibi tẹ́ ẹ ti gé àwòrán mọ́ ìlù ti dàrú nìyẹn. Replace from Start ni kẹ́ ẹ mú, òun ló máa pa sẹ́kọ́ǹdì 4 yẹn mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún gap tó gbé nǹkan sórí. Àwọn kan máa ń tẹ́ gap gbọọrọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á wá so title (ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú fídíò), ohùn àti fọ́tò mọ́ ọn. Kò burú. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ń palẹ̀ mọ́, tí wọ́n wá pa gap yẹn rẹ́, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn ló máa bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ kó wọn sórí kílíìpù míì. Tó bá sì jẹ́ kílíìpù lẹ fẹ́ yọ tẹ́ ẹ ò fẹ́ kí ìyókù sún wá, Shift-Delete ni, á fi gap rọ́pò rẹ̀, Delete nìkan á fa gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Premiere ti Adobe ẹ́díìtì, àlàfo tiyín kì í ṣe kílíìpù, Close Gap wà nínú menu Sequence fún yín.)

Èmi náà ti jẹ ìyà tèmi o. Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí oníbàárà kan lóru, ó di àárọ̀, ó ní kí ló dé tí àwòrán tó dà bí èyí tí ọmọdé yà wà láàárín, tí wọ́n kọ "wá ọwọ́ ẹ̀ níbí" sí i. Adelé ni, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Bó ṣe wà lójú timeline (ibi tẹ́ ẹ to àwọn kílíìpù sí) náà ló máa ṣe jáde, Final Cut ò ní bá yín yọ ọ́.

Àtìgbà yẹn, kí n tó export (ìyẹn kí n tó gbé fídíò jáde), màá tẹ Shift-Command-2, Timeline Index, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà lórí timeline, á ṣí, màá kọ "placeholder" síbi search, lẹ́yìn náà màá kọ "gap". Ti gap ló máa ń yà mí lẹ́nu, torí Position tool (irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń gbé kílíìpù síbòmíì láìjẹ́ kí ìyókù sún) máa ń fi wọ́n sílẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀, frame kan péré (àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò) nígbà míì, tó bá jẹ́ 25 frame ní sẹ́kọ́ǹdì kan, 0.04 sẹ́kọ́ǹdì nìyẹn, ẹ lè wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá kẹ́ ẹ má rí i, oníbàárà á rí òkùnkùn tó ṣẹ́jú yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá wò ó. Kẹ́ ẹ sì fà dé òpin timeline, ẹ wò ó bóyá orin ò gùn ju àwòrán lọ, torí tó bá gùn jù ú lọ, òkùnkùn ló máa gbẹ̀yìn fídíò yín títí orin yẹn á fi tán.