Bí mo ṣe mú èémí àti apá mi rìn pọ̀

Télọ̀ ni mí ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Sábó. Nígbà tí aṣọ Iléyá kún ilẹ̀, ọrùn mi le bí igi. Oníbàárà mi kan tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ọsibítù jókòó ń dúró de bùbá rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kì í mí tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ." Òótọ́ ni. Bí mo bá ti tẹ ẹ̀rọ, ńṣe ni mo máa ń sé èémí títí màá fi rán an dé òpin.

Ó kọ́ mi níbẹ̀. Kí n dúró, kí n ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Bí èémí bá ń gba imú wọlé, kí n máa gbé apá méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ lọ sókè; bó bá ń jáde, kí n máa sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, torí ìgbà tí a bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra lù. Kí n ka 4 fún ìwọlé, 6 fún ìjáde.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé, mo bẹ̀rẹ̀. Mo fa èémí bí ẹni ń fi páǹpù fẹ́ táyà. Kò pẹ́, òòyì kọ́ mi, ó dà bíi pé èèrà ń rìn lórí ìka mi. Mo di tábìlì mú. Nígbà tí mo pè é, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní mo ti mí jù, mo ti lé kábọ́nì dáyọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí síta, jáde jù nínú ẹ̀jẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ sì ti fún. "Ẹ má fà á, mà. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé fúnra rẹ̀."

Iyán ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ agúnyán bó ṣe máa mí: ọmọ odó ń gòkè, èémí ń wọlé, ó balẹ̀ nínú odó, "hìn!" Mo pa kíkà tì, mo ń rọra gún iyán tí kò sí nílẹ̀. Ìyá alákàrà tó wà ní òdìkejì bi mí pé ìjọ wo ni mo ń lọ báyìí.

Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n díjú kí n fọkàn balẹ̀, ọkàn mi á ti dé Máìlì 12, á nájà, á padà, mi ò ní mọ̀ pé ó jáde. Ní báyìí, apá ló ń tú àṣírí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rántí pé mi ò tíì ra sípì fún aṣọ ìyàwó kan. Ìgbà tí màá fi wò, apá mi ti wà nílẹ̀, èémí ṣì ń wọlé. Wọ́n ti pínyà. Mi ò bá ara mi jà. Mo jẹ́ kí èémí jáde tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 5, ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Mo gbìyànjú láti fi bá ẹ̀rọ rìn. Iná ló ń wa tèmi, ó yára jù. Nítorí náà, bí mo bá rán ibì kan dé òpin, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo máa ń mí síta kí n tó gé òwú. Ọrùn mi ti dẹ̀. Èjìká ọ̀tún ṣì ń dùn mí lọ́jọ́ tó bá jẹ́ aṣọ òkè ni mo ń rán.