Bí mo ṣe gba idán àgádágodo mi lọ́wọ́ oorun

Idán náà fúnra rẹ̀ ò ní àléébù: kọ́kọ́rọ́ méje, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣí àgádágodo, àwọn òǹwòran á mú mẹ́fà, èyí tó bá kù sí mi lọ́wọ́ á sì ṣí i. Àmọ́ níbi ọjọ́ ìbí kan, a ò tíì kọjá ẹ̀kẹta táwọn èèyàn ti ń wo fóònù. Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú irin tí ò ṣí?

Mo bá sọ ọ́ di ìtàn. Èmi ni ọkọ tó pẹ́ lóde, ìyàwó ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ á kọ́kọ́ bá mi bẹ̀bẹ̀: "Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn!" Tí kò bá ṣí, gbogbo ilé á pariwo: "Ibi tó o ti ń bọ̀ ni kó o padà sí!" Ìyá àgbà kan tiẹ̀ fi èébú tirẹ̀ kún un, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Mi ò sì fọwọ́ kan àgádágodo mọ́. Ọmọdé kan ló ń dì í mú, òun náà ló ń yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá kan ìkeje, mo máa ń dákẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ "kà!" nígbà tó bá ṣí.